Ọjà Ni Ká Fi Awò Àfarawé Yẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe Èèyàn

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe nǹkan tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ mú lójoojúmọ́. Ẹlòmíì ń ṣe ike ìpara, ẹlòmíì ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹlòmíì ń ṣe áàpù orí fóònù. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Lábẹ́ àga yín, ẹ ó rí àpòòwé kan. Awò kan wà nínú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Káàdì oògùn kan náà wà níbẹ̀, irú èyí tí a máa ń fi àtàǹpàkò ti hóró oògùn jáde látẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbé awò yẹn wọ̀. Bí ẹ bá ti ń lo awò tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lé tiyín lórí. Ó yá, ẹ bá mi wá ọjọ́ tí oògùn yẹn máa bàjẹ́.

Mò ń wò yín láti ibi tí mo dúró sí. Àwọn kan ti gbé káàdì sún mọ́ imú. Àwọn kan ń yí i síbí, wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ń wá ibi tí iná ti ń tàn wá. Bàbá tó jókòó níwájú ti ń fi ìka pa etí káàdì náà lára, bóyá ọwọ́ á bá ojú rí i. Ìyá kan sì ti nà án sí ọmọbìnrin tó jókòó tì í pé kó bá òun kà á. Ohun tí ìyá yẹn ṣe ni kí ẹ kíyè sí jù. Bí nǹkan ṣe ń rí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn: oògùn tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ẹnì kan àti dókítà rẹ̀, wọ́n á gbé e fún ọmọ, fún aládùúgbò, fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, nítorí ìlà kan ṣoṣo tí wọn ò lè kà.

Ẹ bọ́ awò náà wàyí, kí ẹ tún wo etí káàdì yẹn. Ọjọ́ náà wà níbẹ̀, àmọ́ wọn ò fi yíǹkì kọ ọ́. Irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ wọnú bébà fàdákà, kò sí àwọ̀ kankan tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tó wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá gan-an á kọ́kọ́ gbé e dábùú ìmọ́lẹ̀ kó tó rí i kà. Nígbà tí awò wà lójú yín, ẹ rò pé awò ló fà á. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó pinnu pé ká tẹ ọjọ́ sára fàdákà láìsí yíǹkì ló ṣẹ̀, ojú yín ò ṣẹ̀.

Irú awò yẹn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí: èdídí etí, ìbọ̀wọ́ tó ń mú ìka le gbagidi, aṣọ wúwo tó ń sọ ọ̀dọ́ di arúgbó fún wákàtí kan, àti ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí àwọ̀ àwòrán padà. Ohun èlò àfarawé ni gbogbo wọn, torí wọ́n ń fara wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ojú, etí, ọwọ́ tàbí imú kò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Mo nífẹ̀ẹ́ wọn, mo sì ń fi wọ́n kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ìyẹn ni pé wọ́n máa ń tú àṣírí ọjà. Tí a bá wá ní kí wọ́n sọ bí ìgbé ayé afọ́jú tàbí ti adití ṣe rí fún wa, wọ́n á ṣì wá lọ́nà.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Patricia Moore, dìsáínà ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ṣì kéré nídìí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Raymond Loewy ní New York nígbà tí wọ́n ń jíròrò lórí fíríìjì kan, ó sì béèrè bóyá wọ́n lè ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí oríkèé ń dùn á fi lè ṣí i. Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn kì í ṣe ọjà fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1979, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 26, ó ní kí Barbara Kelly, tó ń kun ojú àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n, sọ òun di arúgbó. Wọn ò fi mọ sórí ojú híhunjọ àti irun funfun. Wọ́n mú kí ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì, wọ́n dí i létí, wọ́n sì fi nǹkan di oríkèé rẹ̀ kó má lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Títí di 1982 ló ń jáde bẹ́ẹ̀, ó sì dé ìlú tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó ra ọjà, ó ti ilẹ̀kùn tó wúwo. Àwọn kan ṣe é jẹ́jẹ́, àwọn kan ò kà á sí, àwọn ọmọkùnrin kan tiẹ̀ lù ú.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí wọn kì í sábà sọ, ibẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Kì í ṣe arúgbó kan ṣoṣo ni Moore fara wé. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Olówó wà níbẹ̀, aláìní wà níbẹ̀, ẹni tára rẹ̀ ṣì le wà níbẹ̀, ẹni tí àìsàn ti mú balẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ogbó kì í rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ọdún mẹ́ta ló sì fi ṣe é. Ẹ fi ìyẹn wé àwọn tó máa ń fi aṣọ di ojú fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á sì sọ pé ó ti yé àwọn.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ogbó tiwọn. Láàárín àwọn ọdún 1990, Ford bá Yunifásítì Loughborough ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kan tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya àwòrán mọ́tò máa ń wọ̀ kí wọ́n tó wọlé sínú mọ́tò tí wọ́n ń ṣe. Ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, àwọn AgeLab tó ń ṣèwádìí nípa ogbó ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní AGNES, tó ń fa ọrùn àti eékún, tó ń mú kí ojú máa rí nǹkan ní àwọ̀ ìyeyè, tó sì ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ má mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ dáadáa. Àwọn aṣọ wọ̀nyí wúlò, àmọ́ wọ́n gbówó lórí. Bí ẹ ò bá rí owó aṣọ, ẹ má banú jẹ́. Awò lásán ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lára àwọn awò náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Cambridge ṣe. Ó fúyẹ́, a sì lè to ọ̀kan lé èkejì. Wọn ò ṣe é láti fara wé àìsàn ojú kankan ní pàtó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ìyẹn. Nǹkan méjì péré ló ń bù kúrò lójú: agbára láti rí ohun kéékèèké, àti agbára láti rí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ méjì tó fara jọra. Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ẹni tó ra ọjà yín gbọ́dọ̀ ṣe, bíi kíka iye ìgbà tó yẹ kó lo oògùn. Ẹ wọ awò kan, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìkejì lé e. Ẹ máa fi kún un títí iṣẹ́ náà á fi dojú rú. Iye awò tó wà lójú yín nígbà yẹn ni máàkì ọjà yín. Àwọn tó ṣe awò náà ti ṣe ìṣirò tó ń fi hàn, fún iye awò kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tí ọjà náà máa tì síta láwùjọ á ṣe pọ̀ tó. Páálí tó dojú rú pẹ̀lú awò kan ti ti èèyàn púpọ̀ síta. Páálí tó ṣì ṣeé kà pẹ̀lú mẹ́ta gbìyànjú.

Ẹ rí i pé èsì yẹn ò sọ nǹkan kan nípa èèyàn. Ohun tó sọ ni pé lẹ́tà yìí kéré, tàbí pé àwọ̀ yìí ṣú jù lórí èkejì. Ẹ sì lè gbé páálí méjì síwájú ọ̀gá yín kí ẹ fi nọ́ńbà hàn án pé èyí sàn ju ìyẹn lọ. Mo ti wà níbi ìpàdé tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé ọ̀gá tó bá gbọ́ “jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú àwọn arúgbó” á mi orí, á sì gbàgbé. Nọ́ńbà ló ń gbé sórí tábìlì.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn díẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, èèyàn bílíọ̀nù 2.2 ni ojú wọn kò ríran dáadáa, yálà ohun tó jìnnà ni tàbí ohun tó sún mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe afọ́jú. Ojú ti ń rẹ̀ wọ́n ni. Ẹni tó lé ní ogójì ọdún tó ń na ọwọ́ jìnnà kó tó lè ka ọ̀rọ̀ orí fóònù wà nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni ogún ọdún, torí ọmọ ojú á ti kéré sí i, gíláàsì inú ojú á sì ti nípọn, á ti ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń yan àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ fún lẹ́tà nínú ọ́fíìsì tí iná ti tàn yòò ń fi ojú tí ẹni tó máa ra ọjà náà kò ní yan nǹkan.

Kódà, òfin tí àwọn tó ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé jáde látinú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì, gbé jáde ní 2008, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 4.5 sí 1. Wọn ò kàn ṣàdédé mú 4.5. Wọ́n wo ẹni tí ojú rẹ̀ ti dín kù débi pé ohun tí ẹlòmíì rí láti ogójì ẹsẹ̀ bàtà, òun gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó ogún kó tó rí i. Wọ́n wá ṣírò bí ìyàtọ̀ àwọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti dí àlàfo yẹn. Lórí ewé funfun, eérú tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ #767676 ló wà létí ààlà gan-an. Èyíkéyìí tó bá fúyẹ́ ju ìyẹn lọ ti kùnà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá ńkọ́? Láàárín àwọn tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 12 àti obìnrin kan nínú 200 ni kò lè ya pupa àti àwọ̀ ewé sọ́tọ̀ bí àwọn yòókù. Ẹnì kan lè béèrè bí a ṣe mọ ohun tí wọ́n ń rí. Ìbéèrè gidi ni, torí ẹni tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ kò ní ojú mìíràn tó máa fi wé e. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi gan-an. Àwọn díẹ̀ wà láyé, wọn ò wọ́pọ̀ rárá, tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni nǹkan yìí mú, tí èkejì sì ń rí gbogbo àwọ̀. Wọ́n lè fi ọ̀tún wò, kí wọ́n fi òsì wò, kí wọ́n sì sọ èyí tó bá èyí mu. Orí ohun tí irú wọn sọ ni Brettel, Viénot àti Mollon gbé ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 kà, ìṣirò yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ètò tó ń ṣe àfarawé àwọ̀ ń lò. Ẹ rí i pé nídìí àfarawé tó dára gan-an, èèyàn ló wà níbẹ̀ tí wọ́n jókòó tì, tí wọ́n sì fetí sílẹ̀ sí.

Lílò rẹ̀ ò gba wàhálà. Inú Chrome, níbi irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ lè yí gbogbo ojú ewé padà sí bí ẹni tí kò rí pupa ṣe ń rí i, tàbí kí ẹ mú kó ṣe bàìbàì. Fún ohun tí a ń fọwọ́ mú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ṣí i níbẹ̀. Ẹ máa rí i kíákíá pé iná kéékèèké tó ń pọ́n nígbà tí bátìrì ń gba iná, tó sì ń di àwọ̀ ewé nígbà tó bá kún, ti di iná kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ jẹ́ kó máa ṣẹ́jú nígbà tó bá ń gba iná, kó sì dúró gbọingbọin nígbà tó bá kún. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Etí le ju ojú lọ, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni àfarawé ti máa ń tan àwọn èèyàn rere jẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ èèyàn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa, iye náà sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 2.5 nígbà tó bá fi máa di 2050. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ra èdídí etí, wọ́n á ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fi sétí, wọ́n á sì ní kí wọ́n lo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Òṣìṣẹ́ á ní òun ò gbọ́ ohùn tó ń dún pé aṣọ ti fọ̀ tán. Wọ́n á yí ohùn náà sókè. Òṣìṣẹ́ á gbọ́ ọ. Inú gbogbo wọn á dùn.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ohun tí èdídí etí ń ṣe ni pé ó ń dín agbára ohùn kù lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè, gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. Àmọ́ etí tí ogbó tàbí ariwo ti bà jẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni nǹkan ti bàjẹ́, lára àwọn irun tín-tìn-tín tó ń gba ohùn fún ọpọlọ. Àwọn tó ń gba ohùn tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni náà ṣì ń gbọ́ ohùn bàsì, ó ń gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ìró bíi “s”, “f” àti “ṣ” ti pòórá nínú ọ̀rọ̀ náà. Nǹkan mìíràn tún wà tí èdídí etí kò lè fi hàn: ohùn jẹ́jẹ́ kò wọlé rárá, ṣùgbọ́n tó bá ròkè díẹ̀ sí i, kíá ló di ariwo tó ń dun etí. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi máa ń ní kí ẹ sọ̀rọ̀ sókè, tí ẹ bá sì sọ ọ́ sókè, á ní kí ló dé tí ẹ ń pariwo mọ́ òun. Òótọ́ lọ̀rọ̀ méjèèjì tí ìyá yẹn sọ.

Ẹni tó fi èdídí nìkan ṣe ìdánwò á gbà gbọ́ pé kí a ṣáà gbé ohùn sókè. Ẹni tó bá bá àwọn tí etí wọn ti dín kù ṣiṣẹ́ á mọ̀ pé irú ohùn náà la gbọ́dọ̀ pààrọ̀. Àpẹẹrẹ tó dájú jù tí mo mọ̀ ni ti álààmù èéfín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dún nígbà tí iná bá ń jó nílé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn tí wọ́n fi sínú rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3100 Hz (ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ohùn tín-ín-rín tó ń gún etí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe é. Dorothy Bruck àti Ian Thomas ní Yunifásítì Victoria ní Ọsirélíà wá ṣe ohun tó yẹ. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa sùn, wọ́n sì dán oríṣiríṣi ohùn wò lórí wọn lójú oorun. Ohùn 520 Hz, tó nípọn, tó sì lọ sílẹ̀, jí wọn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lónìí, NFPA 72, ìlànà lórí álààmù iná ní Amẹ́ríkà, ń béèrè irú ohùn yẹn nínú ọ̀pọ̀ yàrá tí àwọn èèyàn ń sùn sí. Ẹ ronú sí i: alẹ́ ni ẹni tó ń lo ẹ̀rọ etí máa ń bọ́ ọ sílẹ̀, alẹ́ kan náà ni iná máa ń bá èèyàn lójú oorun. Èdídí etí kankan nínú ọ́fíìsì lọ́sàn-án kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn.

Kí ni ká wá máa lò dípò rẹ̀? Ètò kọ̀ǹpútà tó ń bu ohùn òkè kúrò nínú ohun tí a gbà sílẹ̀ sàn jù. Ẹ gba ohùn ẹ̀rọ yín sílẹ̀, ẹ fi ètò náà gé e, ẹ gbọ́ ohun tó kù. Ohùn ìtọ́ni yín á jọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, bíìpù inú ẹ̀rọ yín sì lè pòórá pátápátá. Ẹ wá fi iná tó ń ṣẹ́jú tàbí ohun tó ń gbọ̀n tì í.

Lórí ọwọ́, mi ò ní pẹ́. Àtọ̀gbẹ máa ń sọ ìka di ohun tó kú tipiri, làkúrègbé máa ń mú kó le. Ìbọ̀wọ́ àfarawé máa ń fi bí ó ṣe nira tó láti di nǹkan mú hàn dáadáa. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ ṣí ìdérí oògùn tí wọ́n ṣe kí ọmọdé má lè ṣí. Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ lo ẹ̀rọ ìdáná tí ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pẹrẹsẹ láìsí bọ́tìnnì kankan tó yọrí. Ó dùn mí pé gíláàsì pẹrẹsẹ yìí ń gbilẹ̀. Ẹni tó bá di ojú rẹ̀ pàápàá lè rí nọ́ńbà 5 lórí fóònù oní-bọ́tìnnì torí kókó kékeré tó wà lórí rẹ̀, ọ̀kan náà sì wà lórí F àti J lórí kíbọ́ọ̀dù yín. Kókó tó kéré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nítorí ẹwà.

Imú ni gbogbo wa máa ń gbàgbé. Gáàsì tí a fi ń dáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí gáàsì bú gbàù nílé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní 1937, tó sì pa nǹkan bí 300 èèyàn, ọmọdé ló pọ̀ jù, ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí wọ́n fi nǹkan tó ń rùn sí i. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n imú nìkan ni gbogbo ọgbọ́n yẹn gbára lé. Arúgbó tí imú rẹ̀ ti kú, ẹni tí COVID gba òórùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohunkóhun tó ń kìlọ̀ fún wọn. Ẹ fi nǹkan fún imú yín pa, kí ẹ wo ilé ìdáná yín yíká, kí ẹ bi ara yín pé kí ló kù tó máa sọ fún yín.

Mo ti sọ ohun tó dára nípa àfarawé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mi ò ti fara mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìlera máa ń ya bí ẹni tó ní glaucoma, àìsàn ojú tó ń ba iṣan ìríran jẹ́, ṣe ń ríran: ihò róbótó láàárín, dúdú biribiri yíká. Awò àfarawé náà sì wà tí wọ́n kun ní dúdú bẹ́ẹ̀. Ní 2013, David Crabb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé oríṣiríṣi àwòrán síwájú 50 èèyàn tí glaucoma ń bá jà, wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó jọ ohun tí wọ́n ń rí. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó mú ihò dúdú yẹn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ibì kan ṣe bàìbàì, tàbí pé nǹkan kàn sọ nù nínú àwòrán, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí, torí ọpọlọ máa ń fi ohun tó wà nítòsí dí ibi tó ṣófo. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó fún ẹni tó ń ṣe ọjà. Ẹni tó rí dúdú mọ̀ pé òun ò rí apá ibẹ̀, á yí orí. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dí ibẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí òun ò rí, kò ní yí orí rárá. Ìkìlọ̀ tí ẹ fi sí igun ojú ẹ̀rọ, kò ní mọ̀ láé pé ó wà níbẹ̀.

Èkejì burú jù. Arielle Silverman, onímọ̀ ìrònú ọmọ èèyàn tó jẹ́ afọ́jú fúnra rẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ di ojú àwọn kan, wọ́n ní kí wọ́n ṣe àwọn iṣẹ́ kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn tí wọ́n dì lójú wá gbà lẹ́yìn náà pé afọ́jú kò fi bẹ́ẹ̀ lè dá ṣiṣẹ́ tàbí dá gbé. Ó yẹ ká lóye ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lójú ń tọ́ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ìfọ́jú wò, pẹ̀lú ìbẹ̀rù rẹ̀ àti ìkọsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti fọ́ lójú fún ogún ọdún ti mọ ọ̀pá lò, ó ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ògiri, ó ti to ilé rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Michelle Nario-Redmond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ ọ́ ní 2017: àánú àwọn olùkópa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àti àìlólùrànlọ́wọ́ ni wọ́n gbé kúrò níbẹ̀. Dìsáínà tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ á ṣe ọjà tó ń káàánú èèyàn: bọ́tìnnì mẹ́ta péré, ohùn bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó dára ti kúrò nínú rẹ̀. Àwọn akàndá ẹ̀dá ò bẹ̀ wá fún irú ìyẹn.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tí Andreas Heinecke bẹ̀rẹ̀ ní Frankfurt ní 1988, tí wọ́n ń pè ní Dialogue in the Dark. Òkùnkùn ni níbẹ̀ náà, àwọn tó ríran ni wọ́n sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n afọ́jú ló ń mú wọn kiri. Láàárín òkùnkùn yẹn, afọ́jú ni ọ̀gá, òun ló mọ ọ̀nà, ẹni tó ríran ló ń di apá rẹ̀ mú. Òkùnkùn kan náà, ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń pín iṣẹ́ nìyí. Àfarawé kọ́kọ́, láàárín yín, ní kùtùkùtù, nígbà tí nǹkan ṣì wà lórí bébà. Ẹ fi kó gbogbo àléébù tó hàn gbangba kúrò, torí ìwà àìdáa ni kí ẹ pe ẹni tí ojú rẹ̀ ti dín kù wá láti ọ̀nà jíjìn kó wá sọ fún yín pé lẹ́tà yín kéré. Awò ti lè sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kí mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí a fi ń mọ ọjà, tó di irin, ẹ pe àwọn èèyàn fúnra wọn, kí ẹ sì san owó fún wọn bí ẹ ṣe ń san án fún amòye èyíkéyìí. Ẹ má ní kí wọ́n wá “ràn yín lọ́wọ́.” Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ohun tó máa ń jáde nígbà tí a bá gbọ́ wọn máa ń ya mí lẹ́nu. Ní Japan, àwọn tó ń ra ọjà Kao ń sọ pé àwọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ike ṣáḿpù àti ike èyí tí wọ́n fi ń mú irun rọ̀, torí ike méjèèjì rí bákan náà. Ilé iṣẹ́ náà lọ bá àwọn afọ́jú dán àwọn àmì wò. Ní 1991, wọ́n gé àwọn ìlà kéékèèké tó yọrí sí ẹ̀gbẹ́ ike ṣáḿpù, tí ọwọ́ fi lè mọ̀ ọ́n. Wọn ò fi ṣe tiwọn nìkan, wọ́n jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà lò ó. Ta ló ń jàǹfààní rẹ̀? Gbogbo ẹni tó bá ní ọṣẹ lójú.

Ó ku bí a ṣe ń kọ èsì sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń kú. Ẹ má kọ pé “àwọn tí ojú wọn kò dára kò lè lo ẹ̀rọ yìí.” Gbólóhùn yẹn ti sọ wọ́n di ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe lọ́la. Ẹ kọ pé “bọ́tìnnì ìtànná àti bọ́tìnnì ìpaná rí bákan náà lọ́wọ́, pẹ̀lú awò méjì, lẹ́tà tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ṣeé kà.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe àti ọjọ́ tó máa parí rẹ̀. Nígbà tó bá parí rẹ̀, ẹ dá a padà fún àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò, kì í ṣe fún ẹni tó ṣe é.